Ta Ló Ni Ilé-Ìwé Gírámà Abúlé Wa?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún 2025, ìjì kan jà ní abúlé wa lọ́nà Òkè-Ògùn. Ó ká òrùlé kíláàsì méjì kúrò lórí ilé-ìwé gírámà, ó gbé páànù mìíràn lọ há sórí igi kaṣú tó wà lẹ́yìn ilé tíṣà. Lọ́jọ́ kejì, baálẹ̀ pe ìpàdé. Bàbá kan tí kì í fi rédíò sílẹ̀ dìde, ó ní kí ọkàn wa balẹ̀. Ó ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fún káńsù lómìnira, owó á máa wọlé sí wọn lọ́wọ́ tààrà, ọ̀dọ̀ wọn ni kí á gba ọ̀rọ̀ náà lọ. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Wọ́n yan èèyàn márùn-ún, wọ́n fi èmi náà sí i, torí wọ́n ní mo mọ̀wé.

A gun ọ̀kadà dé sẹkitéríàtì. A jókòó láti aago mẹ́sàn-án títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó yá, akọ̀wé kan jáde sí wa, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ilé-ìwé gírámà kì í ṣe tiwa. Ká ní pírámárì ni, à bá gbọ́."

Ìtìjú ló kó wa padà wálé. Àmọ́ láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ronú pé àwa tí à ń jà fún ilé-ìwé yìí láti ọdún yìí wá, a ò mọ ẹni tó ni ín. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ẹnì kan tó dá a ni. Ilé ẹbí ló jọ: ẹnì kan fi ilẹ̀ sílẹ̀, ẹnì kan kọ́ yàrá iwájú, ẹlòmíràn ń san owó iná, ọjọ́ tí kànga bá wá dí, kálukú á máa wo ojú ẹnì kejì. Ẹni tí kò bá mọ èwo ni ti ta, ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀ ni yóò máa kàn.

Àwọn orúkọ tó ń dàrú mọ́ra wọn

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ to orúkọ. Gírámà tàbí sẹ́kọ́ńdìrì ni ilé-ìwé tí ọmọ ń wọ̀ lẹ́yìn pírámárì. Ọdún mẹ́fà ni: mẹ́ta àkọ́kọ́ là ń pè ní JSS, mẹ́ta ìkẹyìn là ń pè ní SS. Ẹ di ìyàtọ̀ yẹn mú, torí owó tó ń wọ apá kan kì í wọ apá kejì.

Káńsù ni ìjọba ìbílẹ̀, 774 ni wọ́n ní Nàìjíríà. SUBEB ni àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó pírámárì, ní ibi púpọ̀ ó sì ń bójú tó ilé àti ohun èlò JSS pẹ̀lú. UBEC ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àbújá, òun ló di owó ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. TESCOM ni àjọ ìpínlẹ̀ tó ń gba tíṣà gírámà síṣẹ́, tó ń pín wọn ká, tó ń gbé wọn ga, tó sì ń bá wọn wí. Orúkọ rẹ̀ lè yí díẹ̀ tí ẹ bá kọjá sí ìpínlẹ̀ mìíràn, iṣẹ́ kan náà ni. WAEC tí gbogbo òbí ń bẹ̀rù kò ni ilé-ìwé kankan. Àjọ ìdánwò ni, ọdún 1952 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti gbọ́ òbí tó ní òun máa lọ fi pírínsípà sùn ní WAEC nítorí pé ó na ọmọ òun. WAEC ò ní mọ ohun tó ń sọ.

Kí ló dé tí òmìnira káńsù kò kan gírámà?

Ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe àwọn ìpínlẹ̀ 36. Owó ni wọ́n ń jà lé. Owó tó tọ́ sí káńsù láti Àbújá máa ń wọ àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti káńsù jọ ní, ẹnu àpò yẹn sì máa ń wà lọ́wọ́ gómìnà. Ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n máa san owó káńsù fún káńsù fúnra rẹ̀. Ohun tí ìdájọ́ náà sọ nìyẹn, pẹ̀lú pé ẹni tí ìlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ máa ṣàkóso káńsù.

Kò yí iṣẹ́ káńsù padà. Iṣẹ́ yẹn wà nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, níbi tí wọ́n ti ka nǹkan tó jẹ́ ti káńsù: ọjà, itẹ́ òkú, gáréèjì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó dé orí ẹ̀kọ́, wọ́n ní káńsù yóò bá ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ẹ̀kọ́ pírámárì, ẹ̀kọ́ àgbà àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Wọn ò dárúkọ gírámà. Tí bàbá bá ní láti òní lọ, kí wọ́n máa fi owó oúnjẹ Àkàndé lé Àkàndé lọ́wọ́ dípò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa gbà á fún un, ìyẹn kò sọ Àkàndé di ẹni tí yóò máa san owó ilé.

Alága káńsù tó bá lójú àánú lè ra bẹ́ǹṣì fún gírámà, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá tí ìbò bá ń bọ̀. Oore nìyẹn. Tí kò bá ṣe é, ẹ ò lè mú un sí i.

Àwa la kọ́ ọ. Báwo ló ṣe wá di ti ìjọba?

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń dun àwọn àgbà jù, wọn ò sì jẹ̀bi.

Nígbà àtijọ́, ọwọ́ àwọn ìjọ ni gírámà wà. CMS Grammar School ní Èkó, ọdún 1859 ni. Nígbà tó yá, àwọn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiwọn sílẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà kó ara wọn jọ sínú Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe, wọ́n dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Ẹnì kọ̀ọ̀kan náà dá tirẹ̀ sílẹ̀: Tai Solarin àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956.

Ohun tó wá da gbogbo rẹ̀ rú ni pírámárì ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955. Lọ́dún yẹn nìkan, iye ọmọ tó wà ní pírámárì fò kọjá 800,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tó wà níbẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Tí irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jáde, ibo ni wọ́n ń lọ? Àwọn kan lọ sí Módáànù, ìyẹn ilé-ìwé ọdún mẹ́ta tó wà láàárín nígbà yẹn. Gírámà kò pọ̀, ìlú ńlá ló sì wà. Ọmọ abúlé tó bá fẹ́ lọ, àfi kó lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí nílùú mìíràn, kí wọ́n máa rán an níṣẹ́ tó ju ti ọmọ ilé lọ.

Nígbà tí àwọn gómìnà UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, gbàjọba ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, Bọ́lá Ìgè ní Ọ̀yọ́, Ajáṣin ní Oǹdó, Ọ̀nàbáńjọ ní Ògùn, Jákàńdè ní Èkó, pẹ̀lú Alli ní Bendel, wọ́n ní gírámà náà ti di ọ̀fẹ́. Ìlú kékeré gbogbo sì dìde. Ìlú á mú ilẹ̀ wá, á kọ́ kíláàsì mélòó kan, ìjọba á kó tíṣà wá. Ìdí tí "Community" fi wà nínú orúkọ ọ̀pọ̀ ilé-ìwé nìyẹn, tí àwọn kan ń rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Tiwa náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Màmá mi sọ fún mi pé àwọn obìnrin ló pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì, láti odò, ìkòkò lórí, ọmọ lẹ́yìn, adúgbò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin gé búlọ́ọ̀kù. Ẹni tí kò bá yọjú, wọ́n á lọ mú adìyẹ rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì àkọ́kọ́, ẹnì kan fi ìka kọ 1980 sínú sìmẹ́ńtì nígbà tó ṣì tutù. Ó wà níbẹ̀ di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti ń pa òdo ìkẹyìn rẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìjọba kọ orúkọ ilé-ìwé náà sínú ìwé rẹ̀, tó fún un ní pírínsípà, tó sì san owó oṣù àkọ́kọ́, ọjọ́ yẹn ló ti di ti gbogbogbòò. Àwọn ìjọ náà rí irú rẹ̀: nígbà tí ìjọba gba ilé-ìwé wọn ní nǹkan bí ọdún 1975, wọ́n kígbe títí. Èkó dá díẹ̀ padà fún wọn ní 2001. Ìlú tó fi ọ̀wẹ̀ kọ́lé kò ní irú ìwé tí ìjọ ní lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lówó oṣù tíṣà tí wọ́n bá dá a padà fún un. Èmi ò rò pé ó yẹ kí á béèrè rẹ̀ padà. Ẹ̀tọ́ tó ń tẹ̀ lé e ni kí á máa béèrè.

Ta ló ń sanwó tíṣà, kí ló sì dé tí wọn kì í pẹ́?

Ìpínlẹ̀ ló ń sanwó wọn, TESCOM ló ń pín wọn. Pírínsípà kò lè gba tíṣà, kò lè lé tíṣà. Dírẹ́bà ni, kì í ṣe òun ló ni mọ́tò. Tí táyà bá jó, ó lè dúró kó tẹ ẹni tó ni mọ́tò láago, ó sì lè ní kí èrò bá òun ti í; kò lè ra táyà tuntun. Ìdajì ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín òbí àti pírínsípà ló dá lé nǹkan tí kò sí lọ́wọ́ pírínsípà.

Kí ló dé tí tíṣà fi ń sá? Owó oṣù tí tíṣà Ìbàdàn ń gbà náà ni ti abúlé ń gbà, ṣùgbọ́n ti abúlé ń fi èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ gun ọ̀kadà. Ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ wà ní ìgboro. Ilé tíṣà tí ìlú kọ́ ní 1980 ti ń jò. Bẹ́ẹ̀ ni tíṣà náà yóò wá ẹni tó mọ ẹnì kan, ìwé ìṣípòpadà yóò jáde, yóò sì lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé tí ẹnì kan bá lọ, kò sọ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ ní dandan. Ààyè yẹn lè ṣófo títí ìjọba yóò fi tún gba òṣìṣẹ́. Tíṣà ìṣirò, físíìsì àti Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ìlú ńlá náà ń wá wọn.

Àwọn àgùnbánirọ̀ ló ń gbà wá là. Láti 1973 tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ilé-ìwé abúlé ti ń fi wọ́n dí ihò. Ọ̀kan wá sí tiwa tó kọ́ àwọn SS2 ní kẹ́místìrì láìsí láàbù. Ó gé ìgò omi onírọ́bà ní àárín, ó fún oje òroǹbó wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, ó sẹ́ omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú sínú èkejì, ó ní: ásíìdì nìyí, álíkálì nìyí. Ó kán òdòdó pupa kan tó gún sínú méjèèjì, àwọ̀ wọn sì yàtọ̀ síra. Àwọn ọmọ pariwo débi pé tíṣà kíláàsì kejì sáré wá wò wọ́n. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọdún rẹ̀ pé, ó fi aṣọ kákí rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ. Kẹ́místìrì bá a lọ.

JSS ọ̀fẹ́ ni. SS ńkọ́?

Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 sọ pé ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, pírámárì mẹ́fà àti JSS mẹ́ta, ọ̀fẹ́ ni, dandan sì ni. Nítorí ìyẹn, ìjọba àpapọ̀ ń ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó rẹ̀ sọ́tọ̀, UBEC sì ń pín in fún ìpínlẹ̀. Àmọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ní májẹ̀mú: ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú iye kan náà sílẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó bá ní, "Iye àpò sìmẹ́ńtì tí o bá rà ni èmi náà yóò rà." Àbúrò tí kò bá ra nǹkan kan, kò ní rí nǹkan kan gbà. Tí ẹ bá ń gbọ́ pé owó UBEC ti ìpínlẹ̀ kan wà ní Àbújá tí wọn ò tíì gbà, ohun tó fà á nìyẹn nígbà púpọ̀.

Owó yìí kò dé SS. SS wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ pátápátá: òun ló ń pinnu bóyá òbí yóò san nǹkan, òun ló ń pinnu bóyá yóò san owó WAEC fún àwọn ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ń yí padà bí gómìnà bá ti ń yí padà. Ní Ọ̀yọ́, òbí ń san ₦3,000 títí di ọjọ́ tí wọ́n búra fún Mákindé, 29 oṣù Karùn-ún 2019, tó fi òpin sí i.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà kan ṣoṣo. Ilé-ìwé mélòó kan ní pírínsípà méjì, ti JSS àti ti SS. Ẹ ó rí ilé tuntun kan tí wọ́n kun lẹ́wà, tí páànù rẹ̀ ń dán, ẹ ó rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Àlejò á rò pé pírínsípà kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń jẹun. Owó ló yàtọ̀. Kíláàsì méjì tí ìjì ká òrùlé wọn ní tiwa, ti SS ni. SUBEB gan-an kò lè fọwọ́ kàn án.

Ilẹ̀ ńkọ́?

Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ gírámà ni ẹbí kan fi sílẹ̀ lẹ́nu, pẹ̀lú obì àti ọtí, láìsí ìwé. Baba ńlá tó fi sílẹ̀ mọ ohun tó ṣe. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ti Èkó dé kò mọ̀, ó rí ilẹ̀ gbalasa tí àwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì mọ iye tí pílọ́ọ̀tì kan ń lọ. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n gómìnà kò gbé abúlé yín. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní JSS, ìyà tí wọ́n ń fi jẹ wá tí a bá pẹ́ ni kí á lọ ro ààlà. A kórìíra rẹ̀. Pẹ̀rẹ̀gún ni wọ́n gbìn yí ilé-ìwé ká, pírínsípà ìgbà náà sì máa ń rìn ín ní ọjọọjọ́ Jímọ̀, tòun ti ọ̀pá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni ò rìn ín mọ́. Nígbà tí mo padà délé, pẹ̀rẹ̀gún ìhà odò ti wà láàárín ọgbà ẹ̀gẹ́ ẹnì kan.

Ohun tí ìlú lè ṣe ni kí awọnlẹ̀ yẹ ilẹ̀ wò, kí ẹbí tó fi í sílẹ̀ fọwọ́ sí ìwé lójú baálẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀. Ó ń ná owó o. Owó tí yóò ná ní kóòtù lọ́jọ́ iwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

PTA àti akẹ́kọ̀ọ́jáde: ibo ni tiwọn parí sí?

PTA ni ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó ìjọba, òbí ló dá a. Wọ́n fi ń san owó tíṣà àdáni tí ìjọba kò rán wá, wọ́n fi ń tún tábìlì ṣe. Ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, PTA kò gbọ́dọ̀ bu owó lé òbí láìgba àṣẹ, a ò sì gbọ́dọ̀ lé ọmọ jáde nítorí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní SBMC, èyí tó fi aṣojú baálẹ̀, àwọn obìnrin, oníṣọ̀nà àti akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá kún òbí. Òun ló yẹ kó máa béèrè bí wọ́n ṣe ná owó. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, orí ìwé nìkan ló wà.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ń ṣe dáadáa, mo wà nínú tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kan tó máa bí wọn nínú: gééètì ti pọ̀ jù. Gbogbo sẹ́ẹ̀tì tó bá pé ọdún 25 ló fẹ́ kọ́ gééètì kí orúkọ rẹ̀ lè hàn lójú títì. Nínú gééètì náà, kò sí ṣáláńgá fún àwọn ọmọbìnrin, wọ́n sì máa ń sá ilé-ìwé ní ọjọ́ mélòó kan lóṣooṣù nítorí ẹ̀.

Tí ilé-ìwé bá kú, kí ni abúlé pàdánù?

Kì í kú lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó lówó á kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé àdáni ní ìlú. Iye ọmọ á dín, ìjọba á ní kí ni tíṣà púpọ̀ ń ṣe níbẹ̀, yóò kó wọn lọ. Bí tíṣà bá dín, èsì WAEC á bàjẹ́, òbí mìíràn á tún gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ní òpin rẹ̀, àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò lọ ló kù síbẹ̀, wọ́n sì lè da ilé-ìwé náà pọ̀ mọ́ ti abúlé kejì. Nígbà náà ni ọ̀nà á jìn, àwọn ọmọbìnrin ló sì máa ń kọ́kọ́ dúró sílé.

Àwọn ohun mìíràn tún ń bá a lọ tí a kì í kà. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà àti gààrí lákòókò ìsinmi. Onílé tí tíṣà ń yá yàrá rẹ̀. Ibùdó ìdìbò, torí inú ọgbà gírámà ni ọ̀pọ̀ abúlé ti ń dìbò. Pápá tí wọ́n ti ń ṣe òkú àgbà, tí a ti ń ṣe ọdún. Ẹni tó ń bá ìlú kọ lẹ́tà náà, tíṣà ni.

Nígbà náà, ilẹ̀kùn wo ni ká kàn?

Tí ó bá jẹ́ ti èèyàn, ìyẹn tíṣà tí kò tó tàbí tíṣà tí kì í wá, TESCOM ni, ní òfíìsì rẹ̀ tó wà ní ẹkùn yín. Tí ó bá jẹ́ ilé SS, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ni. Ilé JSS, SUBEB. Pírámárì, káńsù àti SUBEB. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà gba ọwọ́ pírínsípà kọjá, kí ẹ fi fọ́tò àti ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí i, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ mọ́. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí aṣòfin tó ń ṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, bí ẹni pé ẹ ò kọ ọ́ ni.

Àwa kọ tiwa lẹ́ẹ̀kejì, sí ibi tó yẹ. Wọ́n rán èèyàn méjì wá, wọ́n wọn ilé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní ó ti wọ ìwé. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, ìwé náà ló ṣì wà. Káfíńtà abúlé gun igi kaṣú, ó sọ páànù tó ṣì dára kalẹ̀, ó fi bo kíláàsì kan, kò sì gba owó iṣẹ́. SS2 ń lo ìyẹn ní àárọ̀, SS1 ń lò ó lẹ́yìn ìsinmi. Ọ̀kan tí ó ti ya jù ni ó fi sílẹ̀ lókè igi. Tí atẹ́gùn bá fẹ́, ó máa ń pariwo gbàgà-gbàgà, àwọn ọmọ á sì gbójú sókè kúrò nínú ìwé wọn.